Ìṣirò, Oòrùn àti Gábàsì Wa

  

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí, ó ti ń dá ìjà sílẹ̀ ní àwọn mọ́sálásí kan: níbo gan-an ni Káábà wà sí àwa ará Ìbàdàn? Ọ̀dọ́ kan á gbé kọ́ńpáàsì wá, á ní mọ́sálásí kò kọjú síbi tó yẹ. Àwọn àgbà á ní ibi tí àwọn bàbá àwọn kọjú sí nìyẹn. Kí a tó ṣẹ́jú, sáfù ti di méjì, Lèmọ́mù ò sì mọ ẹni tí òun ì bá gbè lẹ́yìn.

“Gábàsì” ni à ń pè é. Ọwọ́ àwọn Hausa ni a ti yá ọ̀rọ̀ náà, ìlà-oòrùn ni ìtumọ̀ rẹ̀ lọ́dọ̀ wọn. Ṣùgbọ́n ìlà-oòrùn ti ìgbà wo? Ẹni tó ń gbé òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní Agbowó á ti rí i pé oòrùn kì í yọ lójú kan. Ní June, ó ń yọ sí apá àríwá díẹ̀. Tó bá fi máa di December, ó ti sún lọ sí apá gúúsù. Àyè tó wà láàárín ibi méjèèjì tó dìgírì 47.

Kí wá ni ìṣirò wí? Tí a bá mú ibi tí Ìbàdàn wà lórí ilẹ̀ ayé, tí a mú ibi tí Mẹ́kà wà, tí a sì ṣírò wọn bí a ṣe ń ṣírò ohun tó rí róbótó, yóò fún wa ní dìgírì 64 láti àríwá. Ìyẹn ni pé kí a kọjú sí ìlà-oòrùn gangan, kí a wá yà sọ́wọ́ òsì ní dìgírì 26. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ibi tí oòrùn ti ń yọ ní June mu. Ẹni tó wà ní Dùgbẹ̀ àti ẹni tó wà ní Ring Road, ọ̀kan náà ni. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pè é ní ọgbọ́n òyìnbó. Lóòótọ́, àwọn Gíríìkì àti àwọn ará India ti ṣiṣẹ́ tiwọn ṣáájú, àmọ́ àwọn onímọ̀ Mùsùlùmí ni wọ́n fi wá Qiblah. Al-Biruni kọ odindi ìwé kan tó parí ní 1025, kí ó lè mọ ibi tí ìlú Ghazna wà gan-an, kí wọ́n lè rí Qiblah wọn.

Ẹnì kan lè ní: “Àáfà, inú ìwé nìyẹn. Ta ló lọ wò ó?” Ìbéèrè gidi ni. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni oòrùn máa ń wà lókè Káábà gangan, tí ohun tó dúró ṣánṣán níbẹ̀ kò ní ní òjìji: ní 27 tàbí 28 May, àti ní 15 tàbí 16 July. Ti May, aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú 18 ni, àárọ̀, ní aago tiwa. Ti July, aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú 27. Ẹni tó bá kọjú sí oòrùn ní Ìbàdàn lákòókò yẹn, Káábà ló kọjú sí.

Ẹ ri ọ̀pá kan mọ́lẹ̀ ní àgbàlá, kí ó dúró ṣánṣán. Ẹ fi okùn tí àwọn bíríkìlà fi ń wo ìdúró ògiri wò ó. Tí aago bá lù, ẹ fa ìlà láti orí òjìji náà padà wá sí ìdí ọ̀pá. Ọ̀nà Mẹ́kà nìyẹn. Bí òjò bá ṣú, ẹ dúró di ọjọ́ kejì, ìyàtọ̀ rẹ̀ kò tó nǹkan. Èyí tẹ́ mi lọ́rùn ju kọ́ńpáàsì lọ, torí irin tó wà nínú òpó àti dẹ́kìn mọ́sálásí a máa fa abẹ́rẹ́ rẹ̀ kúrò lọ́nà.

Ẹ tún wọn òjìji náà. Bí ọ̀pá bá jẹ́ mítà kan, òjìji á tó nǹkan bíi sẹ̀ńtímítà 76. Àwọn ọmọ yín tó wà ní sẹ́kọ́ńdírì á fi ìyẹn mọ̀ pé oòrùn fi dìgírì 37 àti díẹ̀ yẹ̀ kúrò lókè orí wa. Òkè orí àwọn ará Mẹ́kà ló wà gangan lásìkò kan náà. Oòrùn jìnnà débi pé ọ̀gbọọgba ni ìtànṣán rẹ̀ ń bá àwa àti àwọn, nítorí náà dìgírì yẹn náà ló wà láàárín wa lórí ilẹ̀ ayé. Gbogbo àyíká ayé jẹ́ dìgírì 360, ó sì tó kìlómítà 40,000. Ẹ ṣírò ó, ẹ ó rí nǹkan bíi kìlómítà 4,150. Ọmọ tí kò tíì kọjá Lálúpọn rí ti fi ọ̀pá wọn ọ̀nà Mẹ́kà!

Ẹni tó ṣe ìṣirò jókòó sínú yàrá, kò wo òkè. Oòrùn náà kò ka ìwé rẹ̀. Báwo ni wọ́n ṣe wá fohùn ṣọ̀kan? Eugene Wigner, ògbóǹtarìgì onímọ̀ físíìsì, kọ̀wé ní 1960 pé ìyanu ni bí ìṣirò ṣe ń bá ayé mu, pé kò sí àlàyé tó kájú rẹ̀. Àwọn mìíràn ní ọpọlọ àwa ènìyàn ló ń to ayé sínú nọ́ńbà. Ní tèmi, mo rò pé kí ẹni tí ó bá yà lẹ́nu lọ ka aayah karùn-ún nínú Suuratu'r-Rahmaan àti aayah karùn-ún nínú Suuratu Yuunus, kí ó wo ibi tí ọ̀rọ̀ ìṣirò ti wọ ọ̀rọ̀ oòrùn àti òṣùpá. Ẹni tó dá oòrùn ló dá ọpọlọ tó ń ṣírò rẹ̀.

Tí ìlà yín kò bá wá bá ti mọ́sálásí mu ńkọ́? Ìrun àtẹ̀yìnwá kò bàjẹ́. Ohun tí ọ̀pọ̀ àáfà dì mú ni pé ẹni tó jìnnà sí Káábà, apá ibẹ̀ ló pọn dandan fún un kí ó kọjú sí. Láti ibi tí a wà yìí, dìgírì kan péré tí ènìyàn bá fi yẹ̀, á ti ju ọgọ́ta kìlómítà lọ tó bá fi máa dé Mẹ́kà. Ojú ta ló lè gún tó bẹ́ẹ̀? Nítorí náà, kí ọ̀dọ́ kankan má dá ìlà fà, kí ó wá máa fi dójú ti àgbà. Kí Lèmọ́mù, ládánì àti àwọn àgbà jọ wà níbi ọ̀pá náà ní aago mẹ́wàá kọjá 18. Bí ìyàtọ̀ rẹ̀ bá pọ̀, ẹ tẹ́ ẹní sí ìlà tuntun, ẹ fi ògiri sílẹ̀ bó ṣe wà.