Ọṣẹ Ìfọyín tí Ó Yẹ Ilé Wa



Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lè dàbí ọ̀rọ̀ kékeré, ṣùgbọ́n ẹni tí eyín ti dùn mọ́jú rí kò jẹ́ pè é bẹ́ẹ̀. Eyín ọmọdé a máa yọ, òmíràn a sì hù dípò rẹ̀. Ti àgbà, bí ó bá ti lọ, ó lọ náà ni.

Nígbà tí a bá dé ìsọ̀ láti ra ọṣẹ ìfọyín, kí ni a ń wò? Ẹlòmíràn ń wo àwọ̀ rẹ̀, ẹlòmíràn ń wá èyí tí ń hó púpọ̀. Èmi kò kórìíra ọṣẹ tí ó dùn lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ohun tí ń mú ọṣẹ hó kì í ṣe ohun tí ń dá eyín sí.

Èyí tí ó yẹ kí a wá ni fluoride. Àwọn kòkòrò tíntìntín tí ojú kò lè rí ń gbé ara eyín. Bí a bá jẹ ohun dídùn, wọn a sọ ṣúgà rẹ̀ di omi kíkan, èyí tí ń yọ́ ara eyín díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi di ihò. Fluoride ni ó ń ran itọ́ wa lọ́wọ́ láti dá líle eyín padà kí ihò tó lù. Ní ọdún 1945 ni ìlú Grand Rapids, ní Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí fi í sínú omi ìlú, eyín àwọn ọmọ ibẹ̀ tí ń jẹrà sì dínkù gidigidi. Ní 2021, Àjọ Ìlera Àgbáyé ka ọṣẹ tí ó ní fluoride mọ́ àwọn oògùn tí kò yẹ kí orílẹ̀-èdè kankan ṣe aláìní.

Nítorí náà, ẹ yí páálí rẹ̀ padà, kí ẹ ka lẹ́tà wẹ́wẹ́ tí ó wà lẹ́yìn. Kí iye fluoride rẹ̀ wà láàárín 1000 àti 1500 ppm, kí ọjọ́ rẹ̀ má sì ti kọjá. Bí èyí bá pé, ẹ má ṣe jẹ́ kí olówó gọbọi tan yín. Ní ti ọṣẹ eléèédú tí wọ́n ń polówó pé yóò sọ eyín di funfun báláú, púpọ̀ nínú wọn kò ní fluoride rárá, òmíràn sì ń ha ara eyín.

Ẹnìkan yóò bi mí pé, orín àtà àwọn bàbá wa ńkọ́? Èmi kò jẹ́ bú u. Ẹni tí ó fi sùúrù lo orín sàn ju ẹni tí ó fi ìkánjú lo búrọ́ọ̀ṣì. Ẹ lò ó ní òwúrọ̀ bí ó bá wù yín, ṣùgbọ́n ẹ fi ọṣẹ onífluoride fọ eyín kí ẹ tó sùn, nítorí itọ́ a máa dínkù lójú oorun.

Ọmọ tí kò tí ì pé ọdún 3, ìwọ̀n hóró ìrẹsì kan tó fún un. Láti ọdún 3 dé 6, ìwọ̀n hóró ẹ̀wà kékeré. Kí àgbàlagbà dúró tì í, nítorí àwọn ọmọ a máa gbé e mì nítorí adùn rẹ̀, àgbémì púpọ̀ a sì máa fi àmì funfun sí ara eyín tí ń bọ̀ wá hù. Bí a bá fọ̀ tán, kí a tu ìfófò rẹ̀ dànù, kí a má sì fi omi ṣan ẹnu: èyí tí ó kù lára eyín ni yóò ṣiṣẹ́ mọ́jú.