Nígbà tí Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ bá Dí Ọ̀nà Èémí

Ọ̀rọ̀ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ni a fẹ́ bá yín sọ.

Ẹ ti rí i bí ọmọdé ṣe ń fọn igi ewé ìbẹ́pẹ bíi fèrè. Inú rẹ̀ ṣófo, afẹ́fẹ́ ń gbà á kọjá. Bí a bá fi ẹ̀kọ dí i ńkọ́? Afẹ́fẹ́ kò ní í kọjá mọ́. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀nà èémí wa rí.

Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ díẹ̀ kì í ṣe àrùn. Òun ni ó ń mú eruku tí a bá fà símú. Irun tíntìntín inú ọ̀nà èémí a sì máa gbá a sókè bí ìgbálẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá pọ̀ jù, tí ó sì ki, yóò dí ọ̀nà náà. Apá ẹ̀dọ̀fóró tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ yóò súnkì bíi bọ́ọ̀lù tí afẹ́fẹ́ ti jò.

Kí ní ń fà á? Òtútù àyà ni, ikọ́ fée ni, èéfín sìgá àti èéfín igi ìdáná ni. Ó tún lè bá ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ fún, tí ìrora kò jẹ́ kí ó húkọ́.

Kí ni kí a ṣe? Kí aláìsàn máa mu omi dáadáa, àfi bí dókítà bá ní kí ó dín in kù. Kí ó jókòó, kí ó má dùbúlẹ̀ gbalaja. Kí ó mí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí ó wá húkọ́, kí ó tu kẹ̀lẹ̀bẹ̀ náà sínú ife tí ó ní ìdérí. Ẹni tí ikọ́ fée ń ṣe, kí ó lo oògùn fífà símú tí dókítà fún un. Bí ó bá le jù, dókítà lè ti rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ gba ọ̀fun wọlé láti fà á jáde.

Ẹ̀yin ìyá, a bẹ̀ yín, ẹ má ṣe rọ ọmọ tí kò lè mí dáadáa ní àgbo. Àgbo náà lè ya sí ọ̀nà èémí, kí ọmọ sì kú mọ́ yín lọ́wọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ aago wò, ẹ ka èémí rẹ̀ fún ìṣẹ́jú 1, nígbà tí kò bá sunkún. Bí ọmọ oṣù 2 sí 11 bá mí ní ìgbà 50 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tàbí tí ọmọ ọdún 1 tí kò tíì pé ọdún 5 bá mí ní ìgbà 40 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ilé ìwòsàn yá. Bí àyà rẹ̀ bá ń wọnú, tàbí tí kò lè mu ọmú, ẹ má dúró kà á rárá, ẹ gbé e lọ.

Àgbà tí ó bá ti húkọ́ fún ọ̀sẹ̀ 2, tàbí tí ó rí ẹ̀jẹ̀ nínú kẹ̀lẹ̀bẹ̀, kí ó lọ yẹ ara rẹ̀ wò nítorí ikọ́ ẹ̀gbẹ.

Èémí ni ẹ̀mí.