Ilẹ̀ Ìsìnkú Àtijọ́: Ẹ̀tọ́ Òkú Lọ́wọ́ Alààyè

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tó dá ikú àti ìyè. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì Muhammad, ará ilé rẹ̀ àti àwọn Sàábé rẹ̀ lápapọ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, àṣìṣe méjì ni àwọn ènìyàn máa ń ṣe nípa sàréè. Àwọn kan ń kọ́lé lé e lórí, wọ́n sì ń tọrọ nǹkan lọ́wọ́ òkú. Ẹ̀sìn kọ èyí. Àwọn mìíràn, níbi tí wọ́n ti ń sá fún ti àkọ́kọ́, sọ ilẹ̀ òkú di ààtàn. Èyí náà kò sí nínú Sunnah. Nínú hádíìsì tí Muslim gbà wá, Ànábì fi yé wa pé ó sàn kí ènìyàn jókòó sórí ẹ̀yinná ju kí ó jókòó sórí sàréè lọ.

Obìnrin kan máa ń gbá mọ́sálásí Ànábì ní Mẹ́dínà. Nígbà tó kú, wọ́n sin ín láìsọ fún Ànábì, bí ẹni pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò tó nǹkan. Nígbà tí Ànábì gbọ́, ó ní kí wọ́n fi sàréè rẹ̀ han òun, ó sì kírun sí i lára níbẹ̀. Bí ojú sàréè náà bá ti parẹ́ ńkọ́? Nígbà tí wọ́n sin Uthmān ọmọ Maz‘ūn, Ànábì fúnra rẹ̀ gbé òkúta sí ìgbèrí rẹ̀ kí ó lè máa dá a mọ̀. Òkúta lásán ni, kì í ṣe ilé.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Èkó. Itẹ́ òkú Ajẹ́lẹ̀ ni wọ́n sin Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther sí, ẹni tó kú ní 1891. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, ìjọba fẹ́ fi ilẹ̀ náà ṣe nǹkan mìíràn. Ní 1976, wọ́n tún un sin sí ṣọ́ọ̀ṣì ńlá tó wà ní Marina. Olókìkí rí ẹni gbé e lọ. Ta ni yóò gbé aláìlókìkí?

Ìlú Àwórì àtijọ́ ni Ìṣẹ̀rí-Olófin, tí ìtàn so mọ́ Olófin Ògúnfúnminíre. Èkó ti gbòòrò yí i ká, ilẹ̀ sì ti di wúrà. Níbi tí ilẹ̀ bá ti wọ́n, ilẹ̀ òkú ni ojú máa ń kọ́kọ́ wọ̀, nítorí pé òkú kì í lọ sí kóòtù. Ṣùgbọ́n nígbà tí Umar fi ilẹ̀ rẹ̀ ní Khaybar ṣe waqf, àdéhùn rẹ̀ ni pé a kò ní tà á, a kò ní fi tọrẹ, a kò sì ní jogún rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ilẹ̀ tí àwọn bàbá yọ̀ǹda fún ìsìnkú: kì í ṣe ohun tí olórí ẹbí kan lè dá tà.

Nítorí náà, kí àwọn ọ̀dọ́ mú ìwé àti kálámù lọ bá àwọn àgbà nígbà tí wọ́n ṣì wà láyé, kí wọ́n kọ orúkọ àwọn tó sùn síbẹ̀ sílẹ̀. Kí ẹgbẹ́ wọn ilẹ̀ náà, kí ìwé rẹ̀ sì wà lórúkọ gbogbo Mùsùlùmí ìlú. Kí wọ́n mọ ọgbà yí i ká, kí wọ́n la ojú àgbàrá kí òjò tó dé, kí wọ́n sì ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ lóṣooṣù fún ríro ilẹ̀ náà. Sadaka tó bá ṣẹ́kù, ẹ fi ra ṣọ́bìrì àti aṣọ òkú fún aláìní.

Ẹni tó ń tún ilẹ̀ òkú ṣe lónìí, ibùgbé ara rẹ̀ ló ń tún ṣe. Kí Ọlọ́hun foríjin àwọn tó ti lọ ṣáájú, kí Ó sì mú àtúbọ̀tán gbogbo Mùsùlùmí dára. Āmīn.