Bí A Ṣe Lè Wọn Iṣẹ́ Aṣòfin
Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé ọdọọdún ẹgbẹ́ wa



Bí ìdìbò bá ti súnmọ́ tòsí, àwọn aṣòfin a máa gbẹ́ kànga ẹ̀rọ fún wa. A dúpẹ́. Ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n gbẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ wa kò fún wa lómi ju oṣù mélòó kan lọ kí ẹ̀rọ rẹ̀ tó dákẹ́, àwọn ọmọ sì tún gbé garawa wọn, ó di odò. Ìdí nìyí tí a fi rò pé ó yẹ kí a bi ara wa léèrè ohun tí iṣẹ́ aṣòfin jẹ́ gan-an. Ẹ jẹ́ kí a fi ará Amẹ́ríkà kan ṣe àpẹẹrẹ, Edmund Muskie.

Ọmọ aránṣọ ni. Ní 1914 ni a bí i ní Rumford, ní ìpínlẹ̀ Maine, létí odò Androscoggin. Àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń fi igi ṣe bébà ń da ìdọ̀tí wọn sínú odò yìí, títí tí ẹja fi ń kú, tí òórùn sì ń lé ènìyàn kúrò létí omi. Muskie wọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà ní 1959. Ní 1963, ó di alága ìgbìmọ̀ kékeré tí ń rí sí ìbàjẹ́ afẹ́fẹ́ àti omi, iṣẹ́ tí kò lókìkí rárá nígbà náà. Ó jókòó tì í. Ní 1969, odò Cuyahoga gbiná ní Cleveland. Bẹ́ẹ̀ ni, odò gbiná! Epo àti pàǹtí orí omi ni iná ràn mọ́.

Ní 1972, òfin tí Muskie ṣe agbátẹrù rẹ̀ jáde: ilé-iṣẹ́ kankan kò gbọdọ̀ da ìdọ̀tí sódò láìgba ìwé àṣẹ, ará ìlú lásán sì lè pe arúfin lẹ́jọ́. Ààrẹ Nixon kọ̀ láti fọwọ́ sí i. Ó ní owó rẹ̀, 24 bílíọ̀nù dọ́là, ti pọ̀ jù. Ilé àgbà dìbò 52 sí 12, ilé kejì dìbò 247 sí 23, òfin sì fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní ọjọ́ 18 oṣù kẹwàá. Orúkọ olúkúlùkù àti ìbò tí ó dì wà nínú àkọsílẹ̀ títí di òní.

A kò ní bo àléébù rẹ̀. Òfin náà pinnu pé dída ìdọ̀tí sódò yóò dópin ní 1985. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ajílẹ̀ tí òjò ń wọ́ láti inú oko fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pátápátá. Síbẹ̀, Androscoggin mọ́ ju ti ìgbà èwe Muskie lọ. Òfin afẹ́fẹ́ ti 1970, tí òun náà darí, ni ilé-ẹjọ́ gíga jùlọ wọn gbé yẹ̀wò ní 2007, tí wọ́n fi dájọ́ pé àwọn èéfín tí ń mú ayé gbóná wà lábẹ́ rẹ̀. Muskie ti kú láti 1996.

Nítorí náà, a dábàá pé kí akọ̀wé ẹgbẹ́ wa kọ lẹ́tà sí aṣòfin wa kí ó tó wá kí wa lọ́dún, kí ó béèrè òfin omi tí ó ti dìbò fún, àti èyí tí ó lòdì sí. Kí ó béèrè pẹ̀lú ẹni tí yóò tún kànga ilé-ẹ̀kọ́ ṣe.