Àtẹ̀gùn Kì í Ṣe fún Gígòkè Nìkan: Ọ̀rọ̀ lórí Iná Nínú Ilé Alájà Púpọ̀

Ọ̀rọ̀ iná nínú àwọn ilé tí àjà wọn pọ̀ ni a gbé kalẹ̀ lálẹ́ òní. Ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan béèrè pé kí ni olùkọ́ èdè mọ̀ nípa iná. Ìdáhùn mi ni pé inú èdè ni ọmọ ènìyàn ń kó ọgbọ́n rẹ̀ pamọ́ sí. Inú èdè kan náà ni a sì ti lè rí ibi tí ọgbọ́n náà kò tíì dé. Ẹ jẹ́ kí a fi ọ̀rọ̀ méjì péré bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kìíní ni “pẹ̀tẹ́ẹ̀sì.” Ẹnu àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni a ti gbọ́ ọ, ohun tí ó túmọ̀ sí lédè tiwọn sì ni òkè àtẹ̀gùn. Ọ̀rọ̀ kejì ni “àtẹ̀gùn” fúnra rẹ̀. Àwa ni a ṣẹ̀dá èyí: ohun tí a ń tẹ̀ láti fi gùn. Ẹ kíyè sí i pé gígòkè ni ọ̀rọ̀ méjèèjì ń sọ. Kò sí èyí tí ó dárúkọ sísọ̀kalẹ̀ nínú wọn. Bí a sì ti ń pè é náà ni a ṣe ń lò ó. Ẹni tí ó ń kọ́ ilé alájà mẹ́ta, ọ̀nà tí yóò gbà gòkè lọ jókòó sínú afẹ́fẹ́ ni ó ń rò. Kì í sábà ro ọ̀nà tí ogún ènìyàn yóò gbà sọ̀ kalẹ̀ lóru, nínú òkùnkùn, nígbà tí èéfín bá ti bo ojú. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò ju èyí lọ: nínú ilé gíga, àtẹ̀gùn ni ẹ̀mí àwọn tí ń gbé ibẹ̀ so mọ́. Ìtọ́jú tí a bá ṣe lórí rẹ̀ kí iná tó ṣẹ́ yọ ni yóò gbà wá, kì í ṣe eré tí a bá ń sá nígbà tí iná bá ti ń jó.

Ẹ lè wí pé ta ni ó ní ilé gíga ní Èjìgbò? Èjìgbò ti Ògìyán, ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ni mo ní lọ́kàn, kì í ṣe Èjìgbò ti Èkó. Òtítọ́ ni pé kò sí ilé alájà ogún níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni kò mọ̀ pé ọmọ Èjìgbò kì í gbé ilé nìkan? Láti ìran dé ìran ni wọ́n ti ń lọ sí Àbíjàn, ní ilẹ̀ Côte d’Ivoire, tó bẹ́ẹ̀ tí èdè Faransé kò fi ṣàjèjì mọ́ ní ìgboro Èjìgbò. Ní Àbíjàn, ní Èkó àti ní Lọ́ńdọ̀nù, púpọ̀ nínú wọn ń gbé orí àjà tí àwọn mìíràn ń gbé lókè àti nísàlẹ̀ rẹ̀. Owó tí wọ́n rí níbẹ̀ ni wọ́n sì fi ń kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì sílé. Ẹ fi ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kún un: Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ní ọgbà kan ní Èjìgbò, àwọn tí ń háyà yàrá ní àyíká rẹ̀ kò sì kéré. Ilé alájà méjì tí ó ní àtẹ̀gùn kan àti géètì irin kan tí a tì pa lè ṣekú pani gẹ́gẹ́ bí ilé alájà ogún.

Àwọn baba wa kò fi ọ̀rọ̀ iná ṣeré. Koríko ni wọ́n fi ń bo ilé, ọyẹ́ a sì máa gbẹ ẹ́ títí yóò fi dà bí ìṣáná. Ìṣáná kékeré kan lè jẹ agbo ilé run kí ilẹ̀ tó mọ́. Ohun ìní a máa ṣòfò, ṣùgbọ́n ènìyàn ní ọ̀nà àtiyè. Kí ni ìdí rẹ̀? Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni yàrá wà. Yàrá ṣí sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ṣí sí àgbàlá, àgbàlá ṣí sí òde. Ìṣísẹ̀ mélòó kan ni ó wà láàrin ẹni tí ó sùn àti afẹ́fẹ́ ìta. Bí ẹnì kan bá ké pé “Iná o!” tòmìtòmi, tiyanrìntiyanrìn ni àwọn ará àdúgbò yóò dé. Irú ilé bẹ́ẹ̀ ni ó bá òwe mu tí ó ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà.

Ilé gíga ti yí èyí padà. Níbẹ̀, ọ̀nà kan ṣoṣo ni ó sábà máa ń wọ ọjà. Ẹni tí ó wà ní àjà kẹjọ kò lè gba ojú fèrèsé jáde. Aládùúgbò tí ó gbọ́ igbe rẹ̀ kò lè ju garawa omi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Àkàsọ̀ ọkọ̀ panápaná pàápàá ní ibi tí gígùn rẹ̀ mọ. Èyí tí ó wọ́pọ̀ jù kò ju nǹkan bí 30 mítà lọ, ìyẹn bí àjà kẹwàá. Ilé Kòkó ní Dùgbẹ̀, Ìbàdàn, tí a parí ní ọdún 1965, tí a sì kọ́kọ́ ń pè ní Ilé Àwọn Àgbẹ̀, ga tó nǹkan bí 105 mítà. Iná jó o ní ọjọ́ 9, oṣù Kìíní, ọdún 1985, ó sì di ọdún 1992 kí a tó tún un ṣí. Ní ọdún 1983, ọdún méjì ṣáájú, iná ti jó ilé gíga NET ní Èkó, èyí tí a ń pè ní NECOM House lónìí. Ilé méjèèjì ni a fi ń yangàn nígbà náà pé àwa náà ti kọ́ ilé tí ó kan ọ̀run. Ìyangàn ti gígòkè ni.

Kí ni ó ń pa ènìyàn nínú irú iná bẹ́ẹ̀? Ọ̀pọ̀ rò pé jíjó ni, ṣùgbọ́n èéfín ni ó sábà máa ń ṣáájú. Àwọn àgbà ní èéfín ni ìwà, rírú ni í rú. Ìwà ni wọ́n ń fi òwe náà kọ́ni, ṣùgbọ́n wọ́n mọ èéfín dunjú kí wọ́n tó lè fi í pa òwe. Afẹ́fẹ́ gbígbóná fúyẹ́, òkè ni í máa ń lọ. Bí a bá ṣí ilẹ̀kùn yàrá tí ń jó sílẹ̀ sí àtẹ̀gùn, àtẹ̀gùn náà di ihò èéfín, yóò sì máa fa èéfín lọ sókè bí ẹni fi kòkó mu tábà. Nínú èéfín yìí ni carbon monoxide wà, afẹ́fẹ́ olóró tí kò ní àwọ̀, tí kò sì ní òórùn. Ó ń gba ipò afẹ́fẹ́ rere nínú ẹ̀jẹ̀. Òòyì a kọ́ ènìyàn, ẹsẹ̀ rẹ̀ a sì kọ̀ láti gbé e. Fóòmù orí bẹ́ẹ̀dì, àga tìmùtìmù àti ohun èlò oníke a máa fi oró mìíràn kún un. Nítorí náà, ènìyàn lè kú ní àjà karùn-ún nígbà tí ahọ́n iná kò tíì kúrò ní àjà kìíní.

Ẹ̀rí èyí kò jìnnà. Ní ọjọ́ 16, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2025, iná ṣẹ́ yọ ní ilé Afriland Towers ní Broad Street, ní Èkó. Àwọn tí ó ni ilé náà kéde pé yàrá inverter tí ó wà nísàlẹ̀ ilé ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Èéfín gba inú ilé kan, àwọn ènìyàn sì ń gba ojú fèrèsé sá jáde. Òṣìṣẹ́ mẹ́wàá láti iléeṣẹ́ méjì ni ẹ̀mí wọn bá a lọ. Ọ̀sán gangan ni, kì í ṣe òru.

Èkejì ṣẹlẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Grenfell Tower jẹ́ ilé ìgbé alájà 24, àtẹ̀gùn kan ṣoṣo ni ó sì ní. Ní òru ọjọ́ 14, oṣù Kẹfà, ọdún 2017, iná sọ láti ara ẹ̀rọ amóhun-tutù kan ní àjà kẹrin, kí aago kan tó lù. Ohun èlò tí a fi bo ara ògiri ìta láti mú ilé náà lẹ́wà, kí ó sì gba òtútù dúró, jẹ́ ohun tí ń gbaná. Iná gba ibẹ̀ gun òkè. Ìmọ̀ràn tí wọ́n ń fún àwọn tí ń gbé ibẹ̀ ni pé kí olúkúlùkù dúró sínú yàrá rẹ̀. Nígbà tí a fi yí ìmọ̀ràn náà padà, aago mẹ́ta òru ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lù. Ènìyàn 72 ni ó kú. Ìgbìmọ̀ tí ó wádìí ọ̀rọ̀ náà parí iṣẹ́ ní ọdún 2024, ó sì fi hàn pé kò sí ọ̀kan nínú ikú wọ̀nyí tí kò ṣeé yẹ̀.

Níbí ni àríyànjiyàn wà: ṣé kí ènìyàn dúró ni, àbí kí ó jáde? Àwọn tí ó ní kí ó dúró kò wí i láìnídìí. Bí ògiri àti àjà bá jẹ́ kọnkéré, bí ilẹ̀kùn yàrá kọ̀ọ̀kan bá lágbára láti dènà iná fún àkókò tí ó gùn, yóò sàn kí ẹni tí iná kò sí nítòsí rẹ̀ dúró ju kí gbogbo ilé rọ́ sínú àtẹ̀gùn tí ó kún fún èéfín. Ṣùgbọ́n ìlérí tí ẹni tí ó kọ́ ilé ṣe ni ìmọ̀ràn náà dúró lé. Mélòó nínú àwọn ilé tiwa ni a fi ìlérí bẹ́ẹ̀ kọ́? Níbi tí ilẹ̀kùn bá ti jẹ́ pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, tí kò sí aago tí ń kéde èéfín, ohun tí mo gbà ni pé kí ènìyàn tètè jáde nígbà tí àtẹ̀gùn ṣì ṣeé gbà. Bí èéfín bá ti dí i pa, kí ó padà sínú yàrá, kí ó ti ilẹ̀kùn, kí ó fi aṣọ tútù dí ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí ó sì máa ju aṣọ funfun lójú fèrèsé.

Láti inú ọ̀rọ̀ yìí ni ojúṣe ti jáde. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ ẹ̀yin onílé. Nítorí olè ni ẹ ṣe fi irin dí gbogbo fèrèsé, tí ẹ sì ń fi àgádágodo ti géètì àtẹ̀gùn lálẹ́. Ìbẹ̀rù olè kì í ṣe ìbẹ̀rù asán. Ṣùgbọ́n ohun tí olè kò lè wọlé gbà, ẹni tí iná ká mọ́lé kò ní lè gbà á jáde. Ẹ jẹ́ kí irin fèrèsé kan ó kéré tán ní àjà kọ̀ọ̀kan ṣeé ṣí láti inú. Ẹ jẹ́ kí kọ́kọ́rọ́ géètì wà níbi kan tí gbogbo ilé mọ̀, kì í ṣe lábẹ́ ìrọ̀rí ẹnì kan ṣoṣo. Bí ipá bá ká a, ẹ ṣe àtẹ̀gùn kejì sẹ́yìn ilé.

Ẹ̀yin ayálégbé, ẹ wo ohun tí ó wà lábẹ́ àtẹ̀gùn yín: jẹnẹrétọ̀, kẹ́ẹ̀gì bẹntiróòlù, sílíńdà gáàsì, alùpùpù, àpò èlùbọ́. Ọ̀nà kan ṣoṣo tí ẹ ní ni ẹ fi ṣe àká, ohun tí ń gbaná ni ẹ sì kó sí ẹnu rẹ̀. Ẹ kó wọn kúrò. Bí iná bá sọ, ẹ má wọ líìfìtì, nítorí iná ẹ̀lẹ́ńtíríìkì lè kú kí ó sé yín mọ́ inú rẹ̀. Ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ilẹ̀kùn kí ẹ tó ṣí i; bí ó bá gbóná, ẹ má ṣí i. Ẹ rákò, nítorí ìsàlẹ̀ ni afẹ́fẹ́ rere kù sí. Ẹ pa ilẹ̀kùn dé lẹ́yìn yín bí ẹ ti ń jáde. Ilẹ̀kùn tí a pa dé a máa dá èéfín dúró fún ẹlòmíràn. Ẹ má sì padà lọ mú ìwé ẹ̀rí tàbí owó. Ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó kì í lé eku.

Ẹ̀yin olùkọ́, ọ̀dọ̀ yín ni ọ̀rọ̀ yìí pin sí. Ọmọ tí a kò kọ́ ní sísọ̀kalẹ̀ yóò sá sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì bí ẹ̀rù bá bà á. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ kíláàsì yín tò kúrò ní òkè ilé-ìwé lẹ́ẹ̀kan ní táámù kọ̀ọ̀kan, láìsí ariwo, kí a sì kà wọ́n ní pápá. Ẹ kọ́ wọn ní nọ́ńbà tí a fi ń pe ìrànlọ́wọ́: 112 ní Nàìjíríà, 180 fún panápaná Àbíjàn, 999 ní Lọ́ńdọ̀nù. Èdè abínibí ni kí ẹ fi kọ́ wọn, nítorí òun ni í yá lẹ́nu nígbà ìdágìrì.

Òkèèrè ni olójú jínjìn ti ń mú ẹkún sun. Kí ẹ tó sùn lálẹ́ òní, ẹ pa iná, kí ẹ sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn ilé yín títí dé ìta. Ẹ ka ìgbésẹ̀ rẹ̀. Ẹ wo ohun tí ẹsẹ̀ yín kọ lù, àti ilẹ̀kùn tí kò ṣí. Ohun tí ẹ bá rí níbẹ̀ ni iṣẹ́ tí ẹ óò ṣe lọ́la.