IBI TÍ INÚ DÍDÙN TI Ń WÁ



Bí ọmọdé bá bi wá pé, “Níbo ni ayọ̀ ń gbé?” ọ̀pọ̀ nínú wa ni yóò fọwọ́ kan ikùn, nítorí èdè wa wí pé inú ni ó ń dùn. Ṣùgbọ́n ọpọlọ ni kí a kọ́kọ́ sọ fún un: ohun rírọ̀ inú agbárí, tí kò wúwo tó kílógíráàmù kan àbọ̀ lára àgbàlagbà, tí sẹ́ẹ̀lì iṣan inú rẹ̀ sì tó bílíọ̀nù 86.

Ẹ fi Ojúde Ọba ṣe àpẹẹrẹ fún un. (Àwọn Mùsùlùmí ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ta ni nínú wa tí kì í lọ wò ó?) Ní ọjọ́ kẹta ọdún Iléyá, kí ẹṣin tó dé iwájú ààfin Awùjalẹ̀, ọmọ náà ti gbọ́ ìlù lókèèrè, ó sì ti ń fò sókè. Etí gba ìró ìlù, iṣan gbé e lọ sí ọpọlọ, ọpọlọ sì rántí èṣí. Nígbà náà ni sẹ́ẹ̀lì kan ń tú oje díẹ̀ sí èkejì kọjá àlàfo tí ojú kò lè rí, bí ẹni tí ó na ẹ̀yinná sí aládùúgbò rẹ̀ láti ojú fèrèsé. Dópámìnì ni orúkọ ọ̀kan nínú àwọn oje náà. Òun nìkan kọ́ ni ayọ̀, bí àwọn kan ti ń wí. Ìfojúsọ́nà ni iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀ sí jù. Nítorí náà ni alẹ́ tí ó ṣáájú ọdún fi máa ń dùn mọ́ ọmọdé nígbà mìíràn ju ọdún fúnra rẹ̀ lọ.

Ní 1954, James Olds àti Peter Milner, ní Yunifásítì McGill ní Kánádà, fi wáyà tín-ín-rín sínú ọpọlọ eku. Nígbà tí eku rí i pé bí òun bá tẹ ọ̀pá kan, iná mànàmáná díẹ̀ a kan ibẹ̀, ó ń tẹ̀ ẹ́ léraléra.

Ní ọdún 1954 kan náà ni Dókítà Adéoyè Lámbò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Àró, l'Ábẹ́òkúta, níbi tí àwọn aláìsàn ọkàn ti ń gbé láàárín àwọn ará abúlé, tí ìbátan wọn wà lọ́dọ̀ wọn, tí wọ́n sì ń gba ìtọ́jú. A sọ èyí nítorí ọmọ tí eré kò wù mọ́ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, tí kò rẹ́rìn-ín, tí kò jẹun. Àwa a máa pè é ní aláìmoore. A máa ka ẹsẹ̀ Bíbélì sí i létí pé kí ó yọ̀. Àwọn mìíràn a tilẹ̀ nà án. Ọpọlọ a máa ṣàìsàn bí ikùn ti ń ṣàìsàn, pàṣán kò sì wo inú rírun sàn rí. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà.

Ní ti ikùn, àwọn baba wa kò kúkú ṣìnà. Iṣan gígùn kan ti inú ọpọlọ sọ̀kalẹ̀ dé ibẹ̀, ìròyìn sì ń gba ojú rẹ̀ lọ, ó ń gba ojú rẹ̀ bọ̀.