Ìwúwo Apá Lórí Dùùrù: Ọ̀rọ̀ tí a bá Ẹgbẹ́ Sọ ní Ìpàdé Oṣù

Alága ní kí àwa tí a wà ní kíláàsì dùùrù wá sọ ohun tí a ti rí kọ́, nítorí pé owó ẹgbẹ́ wà nínú rẹ̀, ẹni tí ó bá sì ná owó ọlọ́wọ́, ó yẹ kí ó wá jíhìn. A kò ní pẹ́ jù, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ní gbòǹgbò.

Gbogbo wa ni a mọ ohun tí ó fa kíláàsì yìí. Nígbà tí a sin ọ̀kan nínú àwọn àgbà wa ní èṣí, kò sí ẹnì kan nínú àwọn ọmọ Yorùbá ìlú yìí tí ó lè tẹ dùùrù tí a ó fi kọrin sin ín dé ibojì. A ní ilé ìsìn, a ní dùùrù, a ní akọrin; ẹni tí yóò jókòó tì í ni kò sí. Àgbà tí ń ṣe é tẹ́lẹ̀ ti fẹ̀yìn tì, ó ti padà sílé. Ọ̀dọ́ mẹ́ta tí ó yẹ kí wọ́n rọ́pò rẹ̀ ti jáwọ́. Nígbà tí a bi wọ́n léèrè, a rí i pé wọn kì í ṣe ọ̀lẹ. Ọwọ́ ni ó ń dùn wọ́n. Ọ̀kan ní láti ìgbọ̀nwọ́ dé ọrùn ọwọ́ ni ó ń ta òun bí iná. Òmíràn ní ìka kékeré òun máa ń kú tipiri bí òun bá ti tẹ orin mẹ́rin. A wá rò ó pé bí kò bá jẹ́ ọ̀lẹ, ọ̀nà tí a fi kọ́ wọn ni kí a yẹ̀ wò.

Ọ̀nà náà ti pẹ́, ọ̀pọ̀ nínú yín ni ó sì mọ̀ ọ́n. Olùkọ́ a gbé kọ́bọ̀ lé ẹ̀yìn ọwọ́ ọmọ, a ní kò gbọdọ̀ jábọ́. Ìka nìkan ni kí ó máa lọ sókè sódò. Apá ní láti dúró gbọn-in bí òpó. Bí kọ́bọ̀ bá jábọ́, rúlà a bá oríkèé ìka sọ̀rọ̀.

Àwọn òyìnbó ni ó kọ́kọ́ ní ọ̀nà yìí, wọ́n sì ní ìdí tí wọ́n fi ń ṣe é. Bartolomeo Cristofori ni ó ṣe píánò àkọ́kọ́ ní ìlú Florence ní ilẹ̀ Ítálì, ní nǹkan bí ọdún 1700. Eyín àwọn píánò ayé àtijọ́ fúyẹ́, ìka nìkan tó o. Nígbà tí ó yá, wọ́n ń ṣe píánò tí ó tóbi sí i, wọ́n fi irin gbè é nínú, eyín rẹ̀ sì wúwo sí i, ṣùgbọ́n àwọn olùkọ́ kò yí ẹ̀kọ́ wọn padà. Kàkà bẹ́ẹ̀, ńṣe ni wọ́n ń fún ìka ní iṣẹ́ kún iṣẹ́. Ní 1814, ọ̀gbẹ́ni kan tí ń jẹ́ Johann Bernhard Logier gba ìwé àṣẹ lórí ẹ̀rọ kan tí a ń dè mọ́ iwájú dùùrù láti fi ká ọwọ́ ọmọ mọ́ ojú kan. Robert Schumann, ọmọ Jámánì tí orin rẹ̀ kárí ayé, fẹ́ di ọ̀gá nínú títẹ píánò. Kí 1832 tó parí, ìka kan lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀ ti bàjẹ́. Àwọn kan di ẹ̀bi náà ru ẹ̀rọ tí ó fi ń na ìka. Ohun tí ó dájú ni pé ó fi títẹ̀ sílẹ̀, ó gbájú mọ́ kíkọ orin sílẹ̀.

Ẹni tí ó kọ́kọ́ pariwo síta ni Ludwig Deppe ní ìlú Berlin. Ní 1885 ó kọ̀wé lórí àìsàn apá tí ń ṣe àwọn atẹ̀píánò. Ó ní kì í ṣe ìka nìkan ni ó yẹ kí ó máa ṣiṣẹ́, pé kí apá fi ìwúwo rẹ̀ ràn án lọ́wọ́. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Tobias Matthay dé ní Lọ́ńdọ̀nù, tí ó tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1903, àti Rudolf Breithaupt ní Jámánì, tí tirẹ̀ jáde ní 1905. Ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Matthay ni Myra Hess, obìnrin tí ó ṣètò orin ọ̀sán fún àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù láti 1939 títí di 1946, nígbà tí ogun Hitler le. Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé apá dídẹ̀ jẹ́ ti ẹni tí kò lágbára, kí ó lọ béèrè irú ẹni tí obìnrin náà jẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a fi ìtàn sílẹ̀, kí a wo inú píánò fúnra rẹ̀. Bí a bá tẹ eyín kan, eyín náà a lọ sílẹ̀ ní nǹkan bíi mìlímítà 10. Ní òpin ìrìn kékeré yìí, a ti ju òòlù kékeré kan, tí a fi irun àgùntàn ṣù lórí, lu wáyà. Ẹ gbọ́ o, a jù ú ni, a kò tì í débẹ̀. Kí òòlù tó kan wáyà ni ó ti bọ́ lọ́wọ́ eyín, gẹ́gẹ́ bí òkúta tí ó ti kúrò nínú kànnàkànnà. Ohunkóhun tí ìka ìbáà ṣe lórí eyín lẹ́yìn ìgbà náà kò lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ mọ́. Bí o tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí tí o fi pa eyín tìrẹ pọ̀ lẹ́nu, ohùn kò ní fi ìwọ̀n abẹ́rẹ́ pọ̀ sí i. Bí òòlù bá ṣe yára tó ni ohùn ṣe ń pọ̀ tó. Àwọn ọmọ wa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ọwọ́ ń dùn, ibi tí agbára wọn ń lọ nìyẹn: wọ́n ń tẹ ohun tí ó ti parí.

Àwa oníṣòwò fẹ́ràn òṣùwọ̀n, ẹ jẹ́ kí a wọ̀n ọ́n. Láti mú eyín píánò kan lọ sílẹ̀ jẹ́jẹ́, nǹkan bíi gíráàmù 50 ni ó ń gbà. Apá ènìyàn kan, láti èjìká dé ìka, a máa tó nǹkan bí ìdá 1 nínú 20 ìwúwo ara rẹ̀. Ẹni tí ó bá wọn kílò 70, apá rẹ̀ kan yóò tó nǹkan bíi kílò mẹ́ta àbọ̀, èyí tí í ṣe gíráàmù 3,500. Ẹ pín in wò. Ó jẹ́ ìlọ́po 70 ohun tí eyín kan ń béèrè. Ẹni tí ó ní 70 náírà lápò, tí ó tún wá lọ ń yá náírà 1 lọ́wọ́ ìka kékeré, kí ni a ó pè é?

Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ tí olùkọ́ fún wa kò kan dùùrù rárá. Ó ní kí ẹnì kọ̀ọ̀kan fa apá rẹ̀ lé òun lọ́wọ́. Ó di ọrùn ọwọ́ mú, ó gbé apá sókè, ó ní, “Ẹ má ràn mí lọ́wọ́ o.” Lójijì ó fi í sílẹ̀. Apá tí ó dẹ̀ ní láti wó lu itan bí àpò iyọ̀. Apá ọ̀pọ̀ jù nínú wa ni ó dúró sójú òfuurufú bí ẹ̀ka igi, ẹni tí ó ni í kò sì mọ̀ pé òun ni òun ń gbé e dúró. Ìyá kan tí ń ta gaàrí ni apá rẹ̀ kọ́kọ́ jábọ́ dáadáa. Ó ní bí òun kò bá mọ bí a ṣe ń sinmi apá, òun ìbá ti kú sídìí òṣùwọ̀n tipẹ́. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni a lò lórí èyí, tí àwọn bàbá kan fi ń kùn pé àwọn kò sanwó kí ọmọ wá máa ju apá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ní sùúrù. Apá tí kò mọ̀ pé òun le kò lè dẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni a wá sún mọ́ dùùrù. Ìjókòó ní láti ga tó bẹ́ẹ̀ tí ìgbọ̀nwọ́ yóò fi bá eyín dọ́gba. (Àga tí ó wà ní ilé ìsìn wa ti kúrú jù, ìwé orin mẹ́rin ni a ń tẹ́ sí i fún àwọn ọmọ kéékèèké.) A gbé ìka àárín kan ṣoṣo lé eyín kan. Olùkọ́ ní kí a ro ti okùn tí a ń sá aṣọ sí: òpó méjì ni ó dì í mú, àárín rẹ̀ a sì sọ̀ kalẹ̀. Èjìká ni òpó kan, orí ìka ni òpó kejì, ìgbọ̀nwọ́ àti ọrùn ọwọ́ ni okùn tí ó sọ̀ láàárín. Níbi òpó yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í gbọ́. Òpó kò gbọdọ̀ wó. A kò ní kí ìka rọ̀ bí ẹ̀fọ́ tí a bọ̀. Ìka ní láti dúró lórí oríkèé rẹ̀ kí ó lè ru ohun tí apá gbé lé e, ìwọ̀nba tí yóò mú eyín dúró sílẹ̀ ni èjìká yóò sì jẹ́ kí ó gbé lé e. Èyí tí ó kù nínú kílò mẹ́ta àbọ̀ náà, èjìká ni yóò gbé e.

Láti ìka kan dé ìka kejì, bí ìrìn ẹsẹ̀ ni. Bí a bá ń rìn, ìwúwo ara a kúrò lórí ẹsẹ̀ ọ̀tún bọ́ sórí ti òsì. A kì í fo sókè ní gbogbo ìṣísẹ̀. Ìka àtàǹpàkò gbé e lé ìfábẹ̀là, ìfábẹ̀là gbé e lé ìka àárín, bẹ́ẹ̀ ni ó ń lọ.

Ẹni tí ó bá ti dé Kano rí, tí ó sì dúró wo àwọn tí ń lu aṣọ aró títí yóò fi máa dán, yóò mọ ohun tí à ń wí. Òòlù igi wọn wúwo. Bí wọ́n bá ń fi agbára tì í wálẹ̀ ní gbogbo ìgbà, ọ̀sán kò ní pọ́n kí apá wọn tó kọ iṣẹ́. Wọ́n ń gbé e sókè, wọ́n sì ń jẹ́ kí ó bọ́ fúnra rẹ̀. Ẹ tún wo ọrùn ọwọ́ onídùndún nígbà tí ó bá ń ki ènìyàn, ẹ wò ó bóyá ó le. Àwọn ohun tí a gbé lọ́wọ́ láti ilé wá nìyẹn, òyìnbó sì kọ ìwé ńláńlá kí ó tó rí i.

A gbọ́dọ̀ sọ òdìkejì rẹ̀ pẹ̀lú, nítorí pé àwọn kan ti sọ apá dídẹ̀ di ẹ̀sìn. Otto Ortmann, ní ìlú Baltimore ní Amẹ́ríkà, fi ẹ̀rọ wọn iṣẹ́ iṣan apá àwọn atẹ̀píánò, ó sì tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1929. Ó fi hàn pé kò sí ẹni tí ó lè tẹ píánò pẹ̀lú apá tí ó dẹ̀ pátápátá. Iṣan ní láti ṣiṣẹ́, pàápàá nínú orin tí ó yára. Ohun tí a ń wá ni pé kí iṣan ṣe tirẹ̀ kí ó sì dákẹ́, kí ó má ṣe dúró síbi iṣẹ́ tí ó ti parí. Bákan náà, dùùrù onífẹ́ tí a ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ kò mọ ìwúwo. Afẹ́fẹ́ ni ó ń dún níbẹ̀, ohùn rẹ̀ kò sì ní pọ̀ sí i nítorí apá. Ṣùgbọ́n apá tí ó bá le yóò dunni níbẹ̀ náà.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé iṣẹ́ yìí kì í ṣe ti ọmọ àtìpó. Ayọ̀ Bánkọ́lé, tí ó kọ orin píánò tí a ń tẹ̀ káàkiri, Jos ní Òkè Ọya níhìn-ín ni a ti bí i ní 1935, atẹdùùrù ìjọ sì ni bàbá rẹ̀. Ó lọ kọ́ṣẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́ Guildhall ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1957, ó tún lọ sí Cambridge. Ẹni ọdún 41 ni nígbà tí ó kú ní 1976. Ẹgbẹ́ rẹ̀, Akin Euba, tí a bí ní Èkó ní ọdún 1935 kan náà, tí ó sì kú ní 2020, ni ó fi ìlù wa ṣe àwòkọ́ṣe fún orin píánò. Orin bẹ́ẹ̀ ń fẹ́ ọwọ́ tí ó lè bọ́ lé eyín bí ọ̀pá ìlù, kí ó sì tún padà sókè ní kíá.

Níti àwọn ọmọ wa mẹ́ta, ọ̀kan ti padà, ó ń tẹ orin ìsìn méjì báyìí láìsí ìrora. Èkejì ṣì ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀, ìṣẹ́jú 15 lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́, kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀kẹta, èyí tí ìka rẹ̀ ń kú, dókítà ní kí ó sinmi ná, a kò sì ní fi ipá mú un.

Ohun tí a wá tọrọ nìyí. Kíbọ́ọ̀dù tí ẹgbẹ́ yá wa, eyín rẹ̀ fúyẹ́ bí páálí; orí rẹ̀ ni àwọn ọmọ ti ń gbàgbé ohun tí wọ́n kọ́, nítorí pé kò sí ohun tí yóò gba ìwúwo apá. Àwọn kan ní kí a ra píánò onígi. Àwa kò fara mọ́ ọn. Ọyẹ́ ìhín a máa gbẹ igi, pákó inú rẹ̀ a máa là, wáyà rẹ̀ a máa tú, ẹni tí ó mọ̀ ọ́n tún ṣe kò sì sí nítòsí. Kíbọ́ọ̀dù oníná tí ó ní eyín 88, tí a dìídì ṣe kí eyín rẹ̀ wúwo bí ti píánò, ni ó yẹ wá. Akápò yóò ka iye rẹ̀ fún yín, àti iye tí ó wà lápò ẹgbẹ́. Ẹ bi wá ní ìbéèrè kí a tó dìbò.